Tábìlì Tí Ẹ Wọ̀n fún Yàrá Ìbàdàn

Háà! Bàbá Ṣadé, ó wá dìgbà wo báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá ọjọ́ fún ohun gbogbo, ẹ lọ láìdá ọjọ́ kankan fún mi. Ọdún mọ́kànlá gbáko tí a lò ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, èsì kan ṣoṣo ni ẹ ní sí gbogbo ìbéèrè mi: ó dìgbà tí a bá délé. Mo ní kí ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé, kí ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ní ó dìgbà tí a bá délé, ilé ni ẹ ó ti sinmi. Mo ní kí a pààrọ̀ àga tó ti ya, ó dìgbà tí a bá délé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn àjà kẹta pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n pè mí, mo sáré gòkè, mo pè yín ní Àkàndé, mo pè yín ní Bàbá Ṣadé, ẹ kò dá mi lóhùn. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mo ń retí kí ẹ dá ọjọ́ fún mi.

Wọ́n ní kí aya kọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ọkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo ti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ìjọ wa. Gbogbo ọkọ tó bá ti kú ni kò bínú rí, tí kò purọ́ rí, tí kò ṣẹ ìyàwó rẹ̀ rí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ọkọ burúkú nìkan ni kì í kú. Èmi kò ní kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín kò ní fẹ́ ẹ, nítorí ẹ kórìíra káfíńtà tó ń fi ọ̀dà bo pákó tó ti là. Ṣùgbọ́n ìyìn tó tọ́ sí yín, n kò ní fi dù yín.

Jékọ́bù Àkàndé, ọmọ Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ọkọ èmi Abẹ̀kẹ́, bàbá Fọláṣadé, káfíńtà ni yín látilẹ̀wá. Ọwọ́ yín mọ́. Ẹ kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ilé pẹtẹ́ẹ̀sì tí a ń gbé ní Adelphi, tí ẹ sì ń tọ́jú fún àwọn tó ni ín, kò sí ilẹ̀kùn tó ń ké, kò sí fèrèsé tó ń jẹ́ kí òtútù wọlé. Àwọn ayálégbé kì í pe ọ́fíìsì mọ́, ilẹ̀kùn wa ni wọ́n ń kàn. Ẹ máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́ nígbà tí ẹ ń dìde lọ gba ara Olúwa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó ti kúnná, ẹ ó pa ojú dé, ẹ ó fi ìka tọ́ ọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ẹ máa ń sọ pé ojú lè tan ènìyàn jẹ, pé ìka kì í purọ́. Gbogbo ìyẹn ni ìyìn yín, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tábìlì ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa, n kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọ ilẹ̀ láìsọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ń ka ìwé yìí. Aránṣọ ni mí kí a tó kúrò nílé. Níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Forestville ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń gbé wọn, mo ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Mama Kora, ìyá àgbà kan, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Orí ibùsùn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí kúìtì. Aṣọ ìbora ni. Wọ́n á rán àwẹ́ aṣọ kéékèèké pọ̀ sókè, wọ́n á tẹ́ òwú sáàárín, wọ́n á fi odindi aṣọ tẹ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á wá rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra káàkiri kí òwú má baà ṣù jọ síbì kan. Ọwọ́ lásán ni Mama Kora fi rán tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ti gbó, etí rẹ̀ ti tú. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, ó ní ìwọ tí o jẹ́ aránṣọ yìí, fi ẹ̀rọ rẹ rán òmíràn fún mi kí n tó lọ. Mo ṣèlérí fún un pé màá rán an.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú mi dùn sí i bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo ń ra àjákù aṣọ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní Langley Park, mo ń gé e, mo ń tò ó sórí ibùsùn wa títí ẹ kò fi ní ibi tí ẹ ó sùn sí. Rírán àwọn àwẹ́ kò le. Ìgbà tó di pé kí n rán ìpele mẹ́ta mọ́ra ni ojú mi já a. Kúìtì tó tó ibùsùn ńlá wúwo bí ọmọ tó sùn lọ léjìká ẹni. Ẹ̀rọ dúró gogoro lórí tábìlì oúnjẹ. Bí mo bá ti aṣọ náà sábẹ́ abẹ́rẹ́, ìyókù rẹ̀ á wọ́ wálẹ̀, á fa abẹ́rẹ́ dání, òwú ìránṣọ á já, ojú rírán á wọ́ bí ọ̀nà ìrìn ọ̀mùtí. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni tábìlì fífẹ̀ tí wọ́n gé ihò sí, tí ẹ̀rọ yóò rì sínú rẹ̀ títí ojú ẹ̀rọ àti ojú tábìlì yóò fi dọ́gba, kí tábìlì máa gbé ẹrù, kí ọwọ́ máa darí nìkan. Irú rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní káfíńtà nílé, òun ni mo lọ bá.

Mo ṣì rí ojú yín lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé rẹ̀. Mo kó ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù mẹ́rin tó nípọn yí ẹ̀rọ ká láti fi hàn yín ohun tí mo ń sọ. Ẹ yọ pẹ́ńsùlù létí, ojú yín sì tàn. Ọdún mélòó ni ẹ ti ń tún ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ omi ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ kan ohun tuntun? Ẹ ní, "Abẹ̀kẹ́, ìyẹn nìkan? Fi í sílẹ̀ fún mi." Ohùn yín lọ́jọ́ náà dà bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kan pẹpẹ aṣọ fún mi ní Mọ́kọ́lá tí kò gbowó. Mo ní ọkọ mi ti padà dé.

Inú yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ gbogbo ayálégbé wà, ni ẹ ti kan tábìlì náà. Ilẹ̀kùn àtijọ́ méjì tí wọ́n yọ nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe ni ẹ lò, ojúlówó pákó, kì í ṣe èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Ọ̀kan ṣì ní nọ́ńbà 304 lára. Ẹ kò lo ìṣó kan ṣoṣo. Ẹ gbẹ́ ẹnu fún pákó, ẹ gbẹ́ ahọ́n fún èkejì, ẹ ti ahọ́n bọ ẹnu, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ fi bóòtù dè, ẹ ní tábìlì tó bá ń mì kì í ṣe tábìlì. Ẹ fi fọ́míkà funfun bo ojú rẹ̀ kí aṣọ lè máa yọ̀. Ẹ gé ihò sí apá ọ̀tún pẹ̀lú ayùn oníná, ẹ sì fi bóòtù mẹ́rin gbé pẹpẹ kékeré kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá dè wọ́n, ẹ̀rọ á gòkè, bí a bá tú wọn, ẹ̀rọ á rì. Ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀, ẹ pè mí sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní kí n pa ojú dé. Ẹ mú ìka mi, ẹ fi tọ́ ojú ẹ̀rọ kọjá sí ojú tábìlì, ẹ ní kí n sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì gbé bẹ̀rẹ̀. N kò lè sọ ọ́. Mo fò mọ́ yín lọ́rùn níwájú àwọn tó ń fọṣọ.

Ìgbà tí mo la ojú tán ni mo rí bí tábìlì náà ṣe gùn tó. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Àyè tó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ, kọ́nà àtẹ̀gùn kò sì lè gba igi tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, báwo ni yóò ṣe wọlé?" Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ fa ìwé kan yọ lápò ẹ̀yìn, tí ẹ ti ká títí ojú ìká rẹ̀ fi ń ya. Àwòrán ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ìbàdàn ni. Ẹ nàka sí yàrá kan nísàlẹ̀. Ẹ ní, "Kì í ṣe fún ibí. Yàrá ìránṣọ rẹ nìyí. Láti ògiri dé ògiri, lábẹ́ fèrèsé. Mo wọ̀n ọ́n gbáko."

Ẹ̀yin ènìyàn tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Obìnrin wà ní Adelphi tí èjìká ń dùn, ọkọ rẹ̀ kan tábìlì rẹ̀ fún yàrá tí kò tíì ní òrùlé. Ẹni tí kò tíì sùn sí ilé náà rí, wọ́n ti wọ̀n ibi tí yóò jókòó sí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ mi nìkan. Gbogbo wa ni a ra àwo tí a kò jẹun nínú rẹ̀, tí a di í sínú bárẹ́lì de ilé. Gbogbo wa ni a ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n àwo kì í dun ènìyàn léjìká.

Mo bi yín nígbà wo ni a ń lọ. Ẹ ní tí ìdìbò bá ti parí nílé. Wọ́n dìbò, wọ́n fagi lé e, ẹ ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ẹ ní kí Ṣadé parí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní, "Abẹ̀kẹ́, ilé làbọ̀ ìsinmi oko." Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lóko, ṣé kò ní wá ibi jókòó sí ni?

Ọdún mẹ́rin ni tábìlì mi fi dúró lábẹ́ ilé, tí ẹ ta aṣọ ibùsùn bò ó bí òkú. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ fọṣọ ní Sátidé, màá bá àwọn ayálégbé tí wọ́n ti ṣí aṣọ náà kúrò, tí wọ́n ń ká ṣòkòtò àti táwẹ́ẹ̀lì wọn lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń kí mi, wọ́n ní tábìlì yìí dára gan-an ni o, ọkọ rẹ gbìyànjú. Màá dáhùn pé ẹ ṣeun. Màá gòkè padà lọ bá ìwé tẹlifóònù mẹ́rin mi. Ìwé nọ́ńbà máa ń yẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń sáré. Ohun tó yẹ kí n rán ní wákàtí kan ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Apá òsì mi wú. Dókítà ní kí n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ gé e. Mo bẹ̀ yín ní pẹ̀lẹ́, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ìjà. Ṣadé, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu, bá mi dá sí i lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Daddy, just cut it now. Ẹ gé e jàre." Ẹ kò bínú sí ọmọ. Ẹ kàn gbé abọ́ oúnjẹ yín síwájú, ẹ ní, "Pákó tí a bá ti gé kì í gùn mọ́." Ẹ dìde, ẹ lọ wo tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà òtútù tó kọjá, Mama Kora kú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Aṣọ ìbora ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi bò ó, aṣọ funfun tó fẹ́lẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń lò. Kúìtì rẹ̀ wà nílé mi lórí tábìlì oúnjẹ, mo ti rán ìlàjì rẹ̀, ó ku ìlàjì. Mo délé, mo sọ fún yín. Ẹ ní, "Má bínú, Abẹ̀kẹ́." Mo bínú. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà, mo sì ń tún un sọ níwájú ìjọ pé mo bínú. Ìlérí mi ni ẹ jẹ́ kó já, nítorí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ pákó. Láti ọjọ́ náà n kò dárúkọ tábìlì fún yín mọ́. Mo kó àjákù aṣọ mi sínú báàgì dúdú, mo tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ rí mi, ẹ kọjá lọ. Oṣù mẹ́jọ ni a fi gbé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ń jáde, ilẹ̀ ń mọ́, a ń kí ara wa. Báyìí ni ẹ ṣe lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ikú yín, Ramiro gbé àpótí irinṣẹ́ yín wá fún mi. Ọmọ El Salvador tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Kò gbọ́ èdè wa, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì ń sọ kò tó láti fi sunkún. Mo ṣí àpótí náà. Lábẹ́ àwọn irin ìgbẹ́gi yín, mo rí ìwé àwòrán ilé. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀. Yàrá ni: fèrèsé kan, àti ògiri tuntun tí wọ́n kọ́ gba àárín fèrèsé kọjá. Àbúrò yín tó ń bá yín mójú tó ilé náà ní Ìbàdàn kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, mo la yàrá ìsàlẹ̀ yìí sí méjì kí Ìyá lè ní ibi tí wọn yóò máa sùn, nítorí ẹsẹ̀ wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́." Ó kọ ọdún sí i. Ó ti pé ọdún méjì.

Ọdún méjì, Bàbá Ṣadé! Ẹ ti mọ̀ láti ọdún méjì pé yàrá tí ẹ wọ̀n tábìlì mi fún kò sí mọ́ láyé. Ta ni yóò bínú sí Ìyá? Èmi kọ́. Bí ẹ bá ti sọ fún mi, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n la yàrá náà. Mama Kora ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ lè ti sọ̀kalẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí fọ́tò yẹn dé, kí ẹ mú ayùn, kí Mama Kora fi kúìtì mi bora kó tó kú. Ẹ ká fọ́tò náà sínú ìwé, ẹ fi irin ìgbẹ́gi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, mo bú yín. Ọlọ́run gbọ́. Mo bú yín bí n kò ṣe bú yín rí nígbà tí ẹ wà láyé.

Ramiro dúró tì mí, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti sọ nǹkan fún mi. Ó ní, lọ́sàn-án, bí àkókò oúnjẹ bá tó, ẹ máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí tábìlì náà. Ẹ ó ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ ó jókòó tì í pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ẹ kò sì ní jẹun. Mo ní kó mú mi lọ síbẹ̀. Ṣadé tẹ̀lé wa.

A ṣí aṣọ náà. Ìlà kan wà lórí fọ́míkà funfun, láti etí dé etí, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀. Kì í ṣe ìlà ẹyọ kan. Ẹ fà á, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un fà, ẹ tún pa á rẹ́, títí ojú ibẹ̀ fi di eérú. Lábẹ́ tábìlì, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ méjì apá òsì yóò bọ́ sí bí a bá gé e. Ẹ ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ ti wọ̀n yàrá wa níbí, bóyá nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi ìka tọ́ etí pákó náà níbi tí ìlà parí sí, mo pa ojú dé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ìka mi bọ́ sínú ihò kékeré kan. Ojú ayùn ni. Kò jìn ju èékánná lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kò lè ṣe é.

Ìgbà náà ni ó yé mi. Kì í ṣe tábìlì ni mo ní kí ẹ gé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bí ayùn yẹn bá la pákó náà já, a jẹ́ pé a kò lọ sílé mọ́ nìyẹn, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Ó yé mi. N kò sọ pé mo ti dárí jì yín. Kí ó yé ènìyàn yàtọ̀ sí kí inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé wa, ẹ̀ ń ru ìbànújẹ́ nínú yín bí ẹrù tí ẹ kò jẹ́ kí ìyàwó bá yín sọ̀, ẹ ó sì wá ṣubú lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú rẹ̀. Ìbá ṣe pé ẹ sọ fún mi, à bá jọ sunkún ilé náà ní ọjọ́ kan, kí a sì jókòó síbi tí a wà.

Ṣadé wò mí. Ó ní, "Mummy, do you want Ramiro to do it?" Mo ní rárá. Èmi ni mo mú ayùn. Mo fi í bọ ojú ibi tí ẹ bẹ̀rẹ̀, mo sì gé e lórí ìlà yín. Ọwọ́ mi wọ́ díẹ̀ ní àárín, ẹ kò ní yìn mí. Ramiro tú bóòtù ẹsẹ̀ méjì náà, ó sì dè wọ́n padà sórí àmì tí ẹ fi síbẹ̀. A gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó gba kọ́nà kọjá. Ó bọ́ sábẹ́ fèrèsé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Àwọn ìyá ìjọ tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Ṣadé, opó kì í ránṣọ. Kí ni ayé máa sọ?" Mo ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ní kí wọ́n bá mi di etí aṣọ mú. Wọ́n di í mú. Ẹ̀wù iṣẹ́ yín ni mo gé, gbogbo àwọn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe orúkọ yín sí láyà, pẹ̀lú àjákù aṣọ tí mo rà fún Mama Kora. Mo rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ó sì ń yọ̀ kiri lórí tábìlì náà wẹ́rẹ́, kò fa abẹ́rẹ́, kò já òwú. Èjìká mi kò dùn mí. Ìyẹn ló mú mi sunkún jù. Bó ṣe rọrùn tó nìyí, bó ti lè rọrùn láti ọdún mẹ́rin nìyí.

Òun ni kúìtì tó bo pósí yín lónìí. Kí ẹni tó bá súnmọ́ ọn fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ àwa méjèèjì ni, èyí kan ṣoṣo tí a jọ parí ní ilẹ̀ yìí.

Wọ́n pè mí láti ilé. Wọ́n ní kí n gbé yín wálé, pé ọmọ ọkùnrin kì í sùn sájò. Àbúrò yín sunkún lórí fóònù, èmi náà sunkún. Mo sì kọ̀. Kí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ láti ẹnu mi, kí wọ́n má bi Ṣadé: èmi ni mo kọ̀. Ìyá ní yàrá tiwọn nílé, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú rẹ̀. Èmi níṣẹ́ níbí, mo lọ́mọ níbí, mo ti wá ní tábìlì níbí. Ẹ fi ọdún mọ́kànlá ṣe àlejò ní ibi tí ìyàwó yín ń gbé. Ẹ ó wá bá mi gbé ibẹ̀ báyìí.

Mo ti fi ìwé àwòrán ilé sápò àyà yín, lápá òsì, mo ká a sí ojú ìká rẹ̀. Ẹ máa mú un lọ. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi. Pẹ́ńsùlù yín wà létí yín. Àwọn tó tọ́jú òkú ní kò bójú mu, mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, Àkàndé, pákó tí a bá ti gé kì í gùn mọ́. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ọkọ mi. Ó wọlé. Ẹ má dá ọjọ́ kankan fún mi mọ́. Ibí la wà.

Ẹ sùn re o.